Ìrẹsì Ò Lè Gbé Wa Dé Ìbàdàn

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí àpò ìrẹsì kan ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Kì í ṣe àpò ńlá. Oníkílò márùn-ún ni, a fi rìbọ́nù pupa so ó lọ́rùn, a sì lẹ sítíkà mọ́ ọn níkùn: "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Èmi fúnra mi ni mo jókòó sí pálọ̀ ilé mi lóru ọjọ́ 22 oṣù Dìsẹ́ńbà, tí mo ń lẹ sítíkà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo rí ọ̀kan nínú àwọn àpò yẹn ní gáréèjì Mọ́níyà. Ó wà lórí àpótí tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ìyá tí a fún sì ń tà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́, torí ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ìdajì, mo máa ń rí i pé ara mi ni mò ń gbè lẹ́yìn. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ohun tí a lọ ṣe

Àwa mẹ́jọ ni. A jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, a kò sì já ara wa sílẹ̀ láti ìgbà náà. Mẹ́sàn-án ni wá tẹ́lẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú ìkẹsàn-án wa lọ ní 2018. Obìnrin yẹn, bí Kérésìmesì bá ti dé, ìkòkò ìrẹsì tó máa ń gbé kaná kì í ṣe ti ilé rẹ̀ nìkan. Gbogbo ọmọ àdúgbò tí òbí wọn ò rówó pa adìyẹ ló mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí a sin ín tán, tí Kérésìmesì ọdún kejì ń sún mọ́lé, ọ̀kan nínú wa ní, "Ta ló máa wá se ìrẹsì àwọn ọmọ yẹn báyìí?" Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A pa nǹkan méjèèjì pọ̀: àìsàn tó pa á, àti àwọn ọmọ tó ń bọ́. A ní lọ́dọọdún, a ó máa dáwó jọ fún àwọn ọmọ tálákà tí jẹjẹrẹ ń bá jà ní ilé ìwòsàn.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bí Nòfẹ́ńbà bá ti wọlé, àá gbé e sórí WhatsApp, àá fi nọ́ńbà àkáńtì sí i, àlááàtì á sì máa dún. Ẹni tó fi ₦2,000 ránṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Peckham ní London, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, tó yọ £20 nínú owó tí kò tó o, ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Houston ní Amẹ́ríkà máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dé. Gbogbo wọn kì í sọ ju gbólóhùn kan náà lọ: "Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ o." Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó fowó ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ojú rẹ̀ náà fẹ́ rí nǹkan.

Ní Kérésìmesì 2023, ₦870,000 ló wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ rí bí a ṣe ná an, torí inú ìnáwó yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọgbọ̀n ọmọ la kà. Ẹrù ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦18,500: ìrẹsì, adìyẹ dídì kan, júùsì, bísíkíìtì, báàgì tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí, àti ohun ìṣeré kan. ₦555,000 nìyẹn. A rán tíṣẹ́ẹ̀tì pupa 24 fún àwa àti àwọn tó bá wa lọ, ₦4,000 ẹyọ kan. Owó oníf​ọ́tò àti bánà jẹ́ ₦60,000. ₦159,000 ló ṣẹ́ kù fún oògùn, a sì pín in fún ọmọ mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì tọ́ka sí pé ọ̀rọ̀ tiwọn le jù. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún àwọn tó dáwó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ọjọ́ 24 la wọ inú wọ́ọ̀dù. A kọrin, a jó díẹ̀. Àwọn ọmọ tí dírípù wà lọ́wọ́ wọn ń fi ọwọ́ kejì pàtẹ́wọ́ sí itan. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ayọ̀ ọjọ́ yẹn ò já mọ́ nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ìyá tí mò ń sọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni àwọn ará wọ́ọ̀dù ń pè é, Kẹ́yìndé ló sì ń ṣàìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú. Táíwò wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn, ní abúlé kan tó kọjá Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo na báàgì sí Kẹ́yìndé, ìyá rẹ̀ sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Mà, ẹ dákun, méjì ni wọ́n. Bẹ́ ẹ bá lè fi mọ́tò ìṣeré kan kún un, ìyẹn nìkan náà ti tó."

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Iye ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì la kà, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bínú." Ó ní, "Kò burú, Mà. Ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún ibi tó ti wá." Mo kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ Yorùbá ni mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé a kì í ra ti Kẹ́yìndé ká má ra ti Táíwò; inú ilé ni mo bá a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìwé tí a kọ iye ọmọ sí ló wà lọ́wọ́ mi, ìwé yẹn ni mo sì fetí sí.

Gáréèjì Mọ́níyà

Ọjọ́ 27, mo sin àbúrò ìyá mi lọ wọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo gáréèjì, àwọn èrò tó wá ṣọdún ti ń padà. Rìbọ́nù ni mo kọ́kọ́ rí. Pupa yẹn, èmi ni mo yàn án ní ọjà Gbági, n kò lè ṣì í mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí àpò, lẹ́yìn àpò ni mo rí sítíkà wa, lẹ́yìn sítíkà ni mo rí mọ́tò ìṣeré aláwọ̀ ewé, tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Kẹ́yìndé jókòó sórí àpò ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, irun orí rẹ̀ ti re tán, ìbòmú wà ní imú rẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, "Irú èèyàn wo rèé?" Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti ro ohun tí màá sọ fún àwọn ará Peckham. Mo ti ń rí i bí ẹni pé wọ́n tàn wá jẹ.

Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó sì kúnlẹ̀. Nínú erùpẹ̀, láàárín gáréèjì, lójú àwọn awakọ̀ àti alágbàtà, obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí. "Ẹ dákun, Mà, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ wa."

Àwọn èèyàn ti ń wò. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì bi mí pé kí ló jí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi jí. Kò jí nǹkan kan. Ohun tí mo ti fi lé e lọ́wọ́, tó ti di tirẹ̀, ló ń tà, síbẹ̀ orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú mi bí olè. Ta ló kọ́ ọ pé mo ṣì ní ọwọ́ nínú ìrẹsì yẹn? Àwa la kọ́ ọ. Sítíkà yẹn kọ́ ọ. Fọ́tò tí a yà tó mú un dání, tó ń rẹ́rìn-ín bí oníf​ọ́tò ṣe ní kó rẹ́rìn-ín, ó kọ́ ọ.

Mo fà á dìde. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó máa yọ orúkọ yín. Ẹ kàn sọ fún mi, ṣé ẹ ò fẹ́ ìrẹsì ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, Mà. Ìrẹsì dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká padà wá gba oògùn ìkẹta. Ìrẹsì ò lè gbé wa dé Ìbàdàn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka owó fún mi. Ọ̀kadà láti abúlé dé títì. Ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìsẹ́yìn. Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà. Mọ́níyà sí ilé ìwòsàn. Èèyàn méjì, àlọ àti àbọ̀: ₦9,200. Ó mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó fún un ní oògùn ò sí nínú ìyẹn o. Oúnjẹ ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró sùn náà ò sí níbẹ̀. Adìyẹ dídì ti lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, torí kò sí fíríìjì tó máa gbé e sí, ó sì ti ń yọ́. ₦4,000 ló ń dá lé ìrẹsì.

Mo ní, "Mọ́tò ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí ẹ ta ìyẹn?"

Kì í ṣe òun ló dá mi lóhùn. Kẹ́yìndé fa ìbòmú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀ torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò tíì lọ sílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yékéyéké. "Èmi ni mo ní kí wọ́n tà á. Ẹyọ kan ni. Táíwò máa sunkún."

Kẹ́yìndé l'ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táíwò ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Mo dúró síbẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí n tó ṣí báàgì mi, ọkùnrin kan ti ná mọ́tò náà. ₦1,200. Kẹ́yìndé fúnra rẹ̀ ló nà án sí i, tó gba owó, tó kà á, tó sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo yọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mo fún un. Kò kọ́kọ́ gbà á. Ó ní kí n gba ìrẹsì mi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àìsàn tó ń ṣe Kẹ́yìndé kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Denis Burkitt, dókítà ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní Ùgáńdà, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà di òní: Burkitt lymphoma. Ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti ọdún 1960, òun ló fi ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọdé. Ó máa ń yára. Kókó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yára dàgbà yẹn náà ló ṣe máa ń yára gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí ọsàn lè lọ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí wíwú bá ti lọ sílẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, àwọn ará ilé á ní ara rẹ̀ ti yá. Kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ náwó lé lórí ní Ìbàdàn? Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n sọ fún Ìyá Ìbejì pé wọ́n máa fún Kẹ́yìndé ní oògùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra wọn. Méjì péré ló tíì gbà nígbà tí a gbé ìlù lọ bá a. Lẹ́yìn mẹ́fà, oṣù lórí oṣù ni wọn ó tún máa pè é wá fún àyẹ̀wò. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. N kò rí òwe tó bá ìrìn-àjò ìyá yìí mu tó bẹ́ẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú 100 ọmọ tí jẹjẹrẹ mú tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ, wọn ò tó 30. Láti 2018 ni wọ́n ti fi ṣe àfojúsùn pé kó tó 60 nínú 100, ó kéré tán, káàkiri ayé kí 2030 tó dé. Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi gbòòrò pọ̀: wọn kì í tètè mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń pè é ní nǹkan mìíràn, oògùn lè má sí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kò fẹ́ dókítà, kò fẹ́ ẹ̀rọ: ọmọ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ tí kò padà wá. Mo ti ń wọ wọ́ọ̀dù yẹn láti 2019, mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì pé "ìyẹn ò padà wá mọ́", n kò sì fi ìgbà kan béèrè pé kí ló dá a dúró. Mo rò pé ikú ni wọ́n ń fọgbọ́n pè bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, owó ọkọ̀ ni.

Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ ò tó ₦200 kọjá ₦600 kí ọdún tó parí. Gbogbo wa la kígbe. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kígbe, ìrìn-àjò mi lè dúró. Ọjọ́ kẹrin Jánúárì ò lè dúró de Kẹ́yìndé. Òfin ìlera ti 2022 ní kí gbogbo ará Nàìjíríà ní ìdójútòfò ìlera. Ìyá tó ń ṣa kajú nínú oko olóko ò tíì rí káàdì rẹ̀. Owó ìrànwọ́ jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti próstéètì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ì bá jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sílé lọ́jọ́ yẹn, mo mú ìwé ìnáwó wa. ₦18,500 tí a ná lórí Kẹ́yìndé, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni, ₦100 á sì ṣẹ́ kù. Tíṣẹ́ẹ̀tì wa, tí mo ti fi ń nu tábìlì báyìí, ₦96,000 ni. Ìrìn-àjò mẹ́wàá ni.

Ọmọ inú fọ́tò

Nǹkan mìíràn wà tí mi ò lè fò kọjá. Ní 2021, a ya fọ́tò ọmọbìnrin kan tí jẹjẹrẹ wà lójú rẹ̀. Irú èyí tó jẹ́ pé bí iná kámẹ́rà bá tàn sí ojú ọmọ, àárín ẹyinjú á máa tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i nínú fọ́tò ọmọ yín, ẹ má pè é ní nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gba ẹ̀mí ọmọ náà là, nígbà mìíràn wọ́n lè gba ojú náà pẹ̀lú. Tirẹ̀ ti pẹ́.

A tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí a tó yà á. Ó gbà. Èwo ni kó ṣe, nígbà tí àwa tó ń tọrọ náà la mú owó dání? Fọ́tò náà mú owó wọlé gan-an. A tún lò ó ní 2022. A tún lò ó ní 2023. Lẹ́yìn Mọ́níyà ni mo tó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé báwo ni ọmọ yẹn. Ó wò mí. Ó ní láti oṣù Kẹta 2022 ni wọn ò ti rí i mọ́. Nọ́ńbà bàbá rẹ̀ ò lọ.

Kérésìmesì méjì gbáko ni ọmọ náà fi bá wa tọrọ owó lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti dẹ́kun gbígba ìtọ́jú. Mo ti yọ fọ́tò náà kúrò níbi gbogbo tí ọwọ́ mi tó. Bó bá wà lórí fóònù yín, ẹ bá mi yọ ọ́.

Sítáǹpù ọdún

Mo ti ń ka ìwé nípa bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi Kérésìmesì dáwó jọ, mo sì bá ìtàn kan pàdé tí kò tíì kúrò lórí mi. Ní Denmark, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Einar Holbøll. Bí lẹ́tà Kérésìmesì ṣe ń ya wọlé, tó ń tò wọ́n, ó rò ó pé bí a bá lẹ sítáǹpù kékeré kan sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́, tí owó rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa? Ní 1904 ni wọ́n tà á fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n tà. Ní 1907, obìnrin kan ní Delaware, Emily Bissell, ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì kan fún ẹyọ kan. $300 ló ń wá láti fi gba ilé ìwòsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ kékeré kan là. Nǹkan bí $3,000 ló rí.

Ohun tó mú mi ronú ni pé wọn ò fi owó yẹn se àsè. Ilé ni wọ́n fi kọ́, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi rà, ọmọ ń dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ní oṣù Kẹsàn-án. Dìsẹ́ńbà ni ẹnu ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé. Kò sùn sí ẹnu ọ̀nà. Tiwa, ẹnu ọ̀nà ló ń kú sí. Bẹ́ẹ̀ àwa la ni àjọ. Àwa la ni alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, tó ń fàmì sí káàdì fún ẹni tó dá ₦200. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ìyá mi fi í ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi í rán mi níléèwé. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá di ti àánú, a máa ń gbàgbé ọgbọ́n tí a fi ń kọ́lé?

Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Àánú Kérésìmesì máa ń dùn mọ́ wa torí pé ó máa ń parí. A óò lọ, a óò jó, ọkàn wa á fúyẹ́, a óò padà sílé jẹ adìyẹ tiwa. Owó ọkọ̀ kì í parí, kò sì ṣeé yà ní fọ́tò.

Láti Jánúárì

Ọjọ́ 6 Jánúárì la ṣèpàdé, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo. Ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ pé òun ló sún mọ́ olóògbé jù, bínú sí mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ gba Kérésìmesì lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ̀ bóyá òun máa rí òmíràn? Ó ní ìrẹsì lọ̀rẹ́ wa máa ń sè, kò fìgbà kan fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní owó ọkọ̀. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún gbà pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Àmọ́ ọ̀rẹ́ wa ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn. Bó bá di Jánúárì, bí ọmọ ò bá rí jẹ, ó máa rí i láti ojú fèrèsé rẹ̀. Àwa ò ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ sí ni pé a ó máa lọ kọrin, a ó máa gbé ohun ìṣeré lọ, tàwọn tó wà nílé náà á sì wà nínú ìṣirò. Kò ní sí tíṣẹ́ẹ̀tì, kò ní sí sítíkà, a kò sì ní ya ojú ọmọ kankan mọ́. Ìyókù, àjọ ọkọ̀ ni. Mo kọ̀wé sí gbogbo àwọn 61 tó dáwó ní Dìsẹ́ńbà, pé dípò ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan, ṣé wọ́n lè máa san ₦1,000 lóṣù? Àwọn 19 ló gbà. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní pa á mọ́. Ẹnì kan béèrè pé kí ni òun máa wá fi hàn àwọn ọmọ òun báyìí tí kò sí fọ́tò. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 19 yẹn, ₦68,000 ń wọlé lóṣù, torí àwọn kan ń san ju ₦1,000 lọ, ọmọ mẹ́rin ni a sì ń fi gbé.

Ìyá Ìbejì ló kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é. Mo fẹ́ fi owó gbogbo ìrìn-àjò tó kù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Rárá o, Mà. Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n á wá yá a, mi ò sì lè sọ pé mi ò ní." Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú la máa ń fi í ránṣẹ́, á lọ gbà á lọ́wọ́ oní-POS tó wà ní títì, bí wọ́n bá sì ti wọkọ̀ láàárọ̀, á pè mí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ò tíì padà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A fi owó ránṣẹ́, ẹnì kan gbà á, ọmọ ò dé. Ọ̀la Sátidé, èmi àti ẹni tó bínú sí mi lọ́jọ́ ìpàdé fẹ́ lọ wá wọn títí dé abúlé. Òun ló ní kí a lọ.

Láàárọ̀ òní ni ti Kẹ́yìndé, ìkarùn-ún. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù mi dún.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. A ti wọkọ̀."

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn. Ṣé kò rẹ Kẹ́yìndé?"

"Kò rẹ̀ ẹ́, Mà. Àwa mẹ́ta ni. Táíwò ní òun náà fẹ́ wo ibi tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́. Dírẹ́bà ní kó máa jókòó sórí itan mi, òun ò gba tiẹ̀."